Ewé tòmátì mi ń pọ́n bí mo ṣe ń fi ajílẹ̀ kún un: èròjà wo ni kò tó o?

Ọlọ́gbà Ìkòkò

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Tòmátì mẹ́jọ ni mo gbìn sínú ìkòkò ńláńlá, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọ́n dàgbà dáadáa, wọ́n yọ òdòdó, wọ́n sì ti ń so. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ewé wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ebi ń pa wọ́n, nítorí náà, ajílẹ̀ olómi tí mo ń fún wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì. Kàkà kí ó sàn, ńṣe ni ó ń tàn kálẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ èròjà tí kò tó wọn kí n tó tún da nǹkan mìíràn sí wọn nídìí?

Àgbẹ̀ Àtàárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní tèmi, náítírójìn ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ó wà lára àwọn èròjà tí irúgbìn ń lò jù, omi sì tètè máa ń wọ́ ọ lọ, pàápàá nínú ìkòkò tí ó ní ihò nídìí. Bí ó bá jẹ́ òun ni kò tó, àwọn ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣì láwọ̀, gbogbo ojú ewé náà yóò sì pọ́n pọ̀ láìyọ iṣan sílẹ̀, igi náà yóò tín-ín-rín, kò sì ní ga tó bí ó ṣe yẹ. Ajílẹ̀ yúríà, tí ìdá 46 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, yóò dá a padà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìyá Ewébẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Àtàárọ̀, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a tó dárúkọ oògùn. Ẹni tí ó béèrè kò tíì sọ fún wa bóyá ewé òkè ni ó ń pọ́n tàbí ewé ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè sọ tí yóò dá wa lójú títí a ó fi mọ ìyẹn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Àwọn èròjà kan wà tí irúgbìn lè tú kúrò nínú ewé tí ó ti gbó kí ó sì gbé e lọ fún ewé tuntun. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ́ọ̀mù àti magnísíọ́ọ̀mù wà lára wọn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá wọ́n, igi náà a máa ṣe bí ìyá tí ó ń yọ oúnjẹ ẹnu ara rẹ̀ fún ọmọ: ewé àgbà ni yóò rù, ewé kékeré yóò sì máa dán. Ṣùgbọ́n kálísíọ́ọ̀mù, irin, bórọ́ọ̀nù àti mangáníìsì kì í kúrò níbi tí wọ́n bá ti balẹ̀ sí, tàbí kí a sọ pé wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò. Bí ilẹ̀ kò bá fún gbòǹgbò ní wọn lónìí, ewé tí ó yọ lónìí ni yóò jìyà rẹ̀, bí ewé ìsàlẹ̀ tilẹ̀ kún fún wọn bámúbámú. Imí-ọjọ́ náà fara pẹ́ ẹgbẹ́ kejì yìí, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń ṣì í mú fún náítírójìn: àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sọ gbogbo ojú ewé di àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n ti imí-ọjọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Nítorí náà, Ọlọ́gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ já ewé kan láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan láti àárín àti ọ̀kan láti orí pátápátá. Ẹ tò wọ́n sórí ohun funfun kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Ẹ yí wọn padà kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà tí wọ́n ń fa omi ewé láti ẹ̀yìn, ewé a sì ṣì láwọ̀ bí ẹni pé ebi ni ó ń pa á.

Ọlọ́gbà Ìkòkò

Mo dúpẹ́ gan-an, mà. Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Ewé orí kò ní àbùkù kankan. Ó tutù, ó sì ń dán. Ewé àárín ti ń ṣì díẹ̀díẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé n kò wò ó fínnífínní rí: iṣan ńlá àárín rẹ̀ àti àwọn ẹ̀ka iṣan tí ó yà lára rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹran ewé tí ó wà láàárín iṣan kan sí èkejì ti di àwọ̀ ìyeyè, tó bẹ́ẹ̀ tí ewé náà fi dà bí egungun ẹja tí a fi àwọ̀ ewé yà sórí aṣọ ìyeyè. Níbi tí ó ti le jù, àwọn ojú kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ ti ń yọ láàárín ìyeyè náà. Apá òsì ewé àti apá ọ̀tún rẹ̀ rí bákan náà. N kò rí kòkòrò kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí okùn bíi ti aláǹtakùn.

Ajílẹ̀ olómi tí mo ń lò jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún irúgbìn eléso. Nọ́ńbà mẹ́ta tí ó wà lára ike rẹ̀, èyí tí ó kẹ́yìn fi ìlọ́po méjì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Onímọ̀ Ilẹ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ magnísíọ́ọ̀mù gidigidi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ewé àgbà, iṣan dúró láwọ̀ ewé, àárín iṣan pọ́n, ìhà méjèèjì ewé sì dọ́gba. Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àìsàn tí èbu tàbí bakitéríà ń fà sábà máa ń bu ewé jẹ ní wúruwùru, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, nígbà tí àìtó oúnjẹ a máa tẹ̀ lé ètò tí ewé fúnra rẹ̀ ní. Magnísíọ́ọ̀mù ni ó wà ní àárín gbùngbùn èròjà tí ń fún ewé láwọ̀ rẹ̀, nítorí náà bí igi ṣe ń tú u kúrò lára ewé àgbà ni àwọ̀ ewé náà ń parẹ́.

Ìbéèrè tí ó wá kù ni ìdí tí kò fi tó, mo sì rò pé ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn rẹ̀. Nọ́ńbà kẹta lára ike ajílẹ̀ ni ti pòtásíọ́ọ̀mù. Gbòǹgbò ń gba pòtásíọ́ọ̀mù, kálísíọ́ọ̀mù àti magnísíọ́ọ̀mù wọlé bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń dù, bí ọ̀kan bá sì pọ̀ lápọ̀jù, yóò ti àwọn yòókù sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí magnísíọ́ọ̀mù wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yín dáadáa kí gbòǹgbò má sì rí i gbà. Bí ẹ ṣe ń fi ajílẹ̀ náà kún un láti ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ẹ ń ti ilẹ̀kùn náà pa sí i. Ohun tí Carl Sprengel, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ará Jámánì, kọ ní 1828, tí Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì bákan náà, sì sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà, ni pé èròjà tí ó kéré jù sí ohun tí irúgbìn nílò ni ó ń pinnu ibi tí ìdàgbàsókè rẹ̀ yóò dé. Fífi àwọn yòókù kún un kò lè dípò rẹ̀.

Ohun tí n ó ṣe bí ó bá jẹ́ tèmi nìyí. Mo máa dá ajílẹ̀ yẹn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa da omi lásán sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí yóò tó ìlọ́po méjì ohun tí ìkòkò náà lè gbà, kí ó ṣàn jáde nídìí rẹ̀ kí ó sì kó iyọ̀ tí ó ti ṣẹ́jọ lọ. Lẹ́yìn náà, mo máa po 20 gíráàmù iyọ̀ Epsom, ìyẹn magnísíọ́ọ̀mù sọ́fẹ́ètì, mọ́ lítà omi kan, mo sì máa fín in sára ewé ní ìrọ̀lẹ́ tàbí kí oòrùn tó mú, torí pé oòrùn gangan lè jẹ́ kí iyọ̀ jó ewé. Mo máa tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ara ewé ni mo sọ o, n kò sọ pé kí ẹ dà á sínú iyẹ̀pẹ̀ ní àdàkún.

Àgbẹ̀ Àtàárọ̀

Mo gbà. Bí mo bá ti mọ̀ pé iṣan ewé ṣì tutù ni, n kò ní dárúkọ náítírójìn. Yúríà tí mo dámọ̀ràn ìbá ti da ọ̀rọ̀ rú sí i, torí náà, Ọlọ́gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó.

Ewé Tútù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìjíròrò yìí parí láìdé ọ̀dọ̀ tèmi. Ohun tí Ọlọ́gbà ṣàpèjúwe ni mo ń rí, àfi pé òdì kejì ni tèmi: ewé orí ni ó ń pọ́n, ewé ìsàlẹ̀ tutù. Iṣan wọn tín-ín-rín, àwọ̀ ewé sì ni, ṣùgbọ́n ìyókù ewé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Ata àti ewébẹ̀ ni mo gbìn sórí ebè. Mo ti ń da eérú sí ilẹ̀ náà láti bí ọdún mẹ́ta, torí pé mo gbọ́ pé ó ń ṣe ilẹ̀ lóore. Mo fín iyọ̀ Epsom sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà.

Onímọ̀ Ilẹ̀

Kò lè yí padà, nítorí pé kì í ṣe magnísíọ́ọ̀mù. Ewé tuntun tí ó ń pọ́n láàárín iṣan, tí ó sì ń lọ sí funfun, irin ni n ó kọ́kọ́ fura sí. Mangáníìsì lè fara jọ ọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í sábà mọ́ kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́, irin kì í wọ́n nínú ilẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó pọ̀ jù nínú iyẹ̀pẹ̀ ayé. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé eérú ń dín kíkan ilẹ̀ kù, bí pH ilẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó (bí ó ṣe ń ga ni kíkan ń dín kù), bá sì ti kọjá 7 lọ, irin á dì sínú ilẹ̀, kò ní yòrò nínú omi mọ́, gbòǹgbò kò sì lè mu ohun tí kò yòrò. Ọdún mẹ́ta eérú tó láti gbé pH lọ síbẹ̀. Mangáníìsì, síǹkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pàápàá a máa há nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ irúgbìn ti máa ń rí èròjà gbà jù ni pH 6 sí 7.

Kí ẹ tó ná owó lé ohunkóhun, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan. Ẹ po gíráàmù 5 irin sọ́fẹ́ètì mọ́ lítà omi kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí ìdajì ewé kan ṣoṣo, kí ẹ fi ìdajì kejì sílẹ̀, kí ẹ sì so òwú mọ́ ọn kí ẹ lè dá a mọ̀. Bí ó bá jẹ́ irin ni, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ibi tí ẹ kùn yóò padà sí àwọ̀ ewé. Ẹ lè ṣe bákan náà fún mangáníìsì lára ewé mìíràn. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí púpọ̀ nítorí pé igi fúnra rẹ̀ ni ó ń dáhùn.

Ewé Tútù

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Bí ó bá wá jẹ́ irin lóòótọ́, ṣé irin sọ́fẹ́ètì kan náà ni kí n dà sílẹ̀?

Onímọ̀ Ilẹ̀

Rárá o. Nínú ilẹ̀ tí pH rẹ̀ ga, á tún dì bíi ti ìṣáájú, ẹ ó kàn fi owó ṣòfò. Irin tí wọ́n ti fi èròjà mìíràn dì mú kí ó má bàa dì mọ́ ilẹ̀ ni kí ẹ wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: èyí tí wọ́n pè ní EDTA kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́ bí pH bá ti kọjá 6.5, DTPA lè dé nǹkan bí 7.5, EDDHA sì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. EDDHA yìí a máa sọ omi di pupa, ilẹ̀ ni a sì ń dà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ dá eérú dúró lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ náà padà bọ̀ sípò, imí-ọjọ́ lúbúlúbú ni a ń pò mọ́ ọn. Àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di kíkan díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gba oṣù púpọ̀.

Olóko Àgbàdo

Mo ń fi ara balẹ̀ ka gbogbo rẹ̀. Àgbàdo ni mo mọ̀, mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un, nítorí pé ewé àgbàdo gùn tó láti kọ ìtàn rẹ̀ síta. Bí náítírójìn kò bá tó, ewé ìsàlẹ̀ yóò pọ́n láti ṣóńṣó orí rẹ̀, ìyeyè náà yóò sì gba ojú iṣan àárín gbùngbùn wọlé bí ìgbà tí a bá ki ẹnu ọ̀bẹ bọ inú ewé, etí ewé yóò ṣì tutù. Ti pòtásíọ́ọ̀mù a máa ṣe ìdàkejì rẹ̀: etí ewé ìsàlẹ̀ ni yóò pọ́n tí yóò sì gbẹ bí ohun tí iná rà, àárín yóò tutù. Síǹkì ní tirẹ̀ a máa fi ìlà fífẹ̀ funfun sí ìdí ewé tuntun, láàárín iṣan ńlá àti etí ewé.

Bí àgbàdo tí kò tíì ga ju orúnkún lọ bá sì ní àwọ̀ elésè-àlùkò, ẹ má tètè sáré da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀. Lóòótọ́, àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó ń fa irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ tútù tàbí ilẹ̀ líle ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò kékeré náà rìn dé ibi tí èròjà wà, bí gbòǹgbò bá sì ti gbilẹ̀, àwọ̀ náà a lọ fúnra rẹ̀. Ẹ wú igi kan kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí mo da ajílẹ̀ sí oko tí ó ń pọ́n fún odidi oṣù kan, ìgbà tí mo wú u ni mo tó rí kókó wúruwùru lára gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Aràn inú ilẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ wà nílẹ̀, ẹnu tí yóò fi jẹ ẹ́ ni kò sí.

Àgbẹ̀ Àtàárọ̀

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yìí rán mi létí pé omi àpọ̀jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá kún fún omi, gbòǹgbò kò rí afẹ́fẹ́, igi á pọ́n bí ẹni tí ebi ń pa. Bákan náà, ẹni tí ó bá po ìyẹ̀fun pákó tútù mọ́ ilẹ̀ yóò rí ìpọ́nwé, nítorí pé àwọn ohun alààyè tí ń jẹ pákó náà rà ni wọ́n ń kó náítírójìn ilẹ̀ lò.

Ọlọ́gbà Ìkòkò

Ẹ dákun, ìbéèrè mìíràn. Méjì nínú tòmátì mi tí ó ti tóbi ní ojú dúdú pẹlẹbẹ nídìí, ó rọ̀ wọnú bí awọ. Wọ́n ní kálísíọ́ọ̀mù ni. Mo ti lọ èèpo ẹyin, ṣé kí n bù ú sí i?

Ìyá Ewébẹ̀

Kálísíọ́ọ̀mù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèpo ẹyin kò ní gba èso yìí là. Ó ń pẹ́ púpọ̀ kí ó tó jẹrà tí gbòǹgbò yóò fi rí nǹkan mú níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni kálísíọ́ọ̀mù tó nínú ilẹ̀. Omi ni ó ń gbé e gòkè, ibi tí omi bá sì ń lọ ni ó ń bá a lọ. Ewé ń yọ omi sínú afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju èso lọ, nítorí náà ewé ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Bí ìkòkò bá gbẹ lọ́sàn-án tí a wá rọ omi sí i ní ọjọ́ kejì, ìdí èso, tí ó jìnnà jù, ni ìpín rẹ̀ kì í dé. Fífín kálísíọ́ọ̀mù sára ewé kò sì ran èso lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í kúrò lára ewé bọ́ sí èso, bí mo ṣe sọ lókè.

Omi tí ó ń lọ déédéé ni oògùn rẹ̀. Ẹ ki ìka yín bọ iyẹ̀pẹ̀ láràárọ̀, bí ó bá ti gbẹ dé oríkèé ìka kejì, ẹ bomi sí i. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ìkòkò. Ẹ já àwọn èso tí ó ti bàjẹ́ kúrò. Ìdí tí Onímọ̀ Ilẹ̀ fi ní kí ẹ má da iyọ̀ Epsom sínú iyẹ̀pẹ̀ nìyí pẹ̀lú: magnísíọ́ọ̀mù àpọ̀jù lè ti kálísíọ́ọ̀mù sẹ́yìn, kí ìdí èso tún wá máa dúdú sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbàgbé èyí.

Ewé Tútù

Àwọn kan ń ta àpòpọ̀ gbogbo èròjà kéékèèké, bórọ́ọ̀nù, síǹkì, kọ́pà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé kò dára kí a kàn máa lò ó, kí a bọ́ lọ́wọ́ ìwádìí?

Onímọ̀ Ilẹ̀

N kò fara mọ́ ọn bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo bórọ́ọ̀nù nìkan: bí kò bá tó, orí igi á kú, igi ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ á sì ṣófo nínú, bí ó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, etí ewé á jó. Àlàfo tí ó wà láàárín kò-tó àti ti-pọ̀-jù rẹ̀ kéré gan-an, ohun tí a bá sì ti dà sílẹ̀ kò rọrùn láti kó jáde. Ẹ gbé ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ wa díẹ̀díẹ̀ láti ojú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ilẹ̀ kan náà, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú garawa oníke, torí garawa onírin lè fi síǹkì tàbí irin kún un, kí ẹ wá bu lára àpòpọ̀ náà. Bí ẹ bá ń fi ewé ránṣẹ́, ẹ mú ti igi tí ó ń ṣàìsàn àti ti igi tí ara rẹ̀ le, ọjọ́ orí ewé méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ewé Tútù

Mo padà wá jíṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìdajì ewé tí mo fi irin kùn ti tutù, ìdajì kejì ṣì funfun, ààlà wọn hàn kedere. Èyí tí mo fi mangáníìsì kùn kò yí padà. Mo ti kó eérú tí ó kù kúrò lẹ́bàá ebè, mo sì ti gbé ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí n lè mọ iye tí pH rẹ̀ jẹ́ gan-an.

Ọlọ́gbà Ìkòkò

Tèmi náà ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìpọ́nwé náà ti dúró. Láti ìgbà tí mo ti fín iyọ̀ Epsom lẹ́ẹ̀mejì, kò tún gun òkè mọ́, ewé àárín sì ti ń tutù padà. Ṣùgbọ́n àwọn ewé ìsàlẹ̀ tí ó ti ní ojú aláwọ̀ ilẹ̀ kò padà sípò rárá. Ṣé ó kù ohun tí mo lè ṣe fún wọn?

Ìyá Ewébẹ̀

Kò sí o. Ibi tí ó ti kú lára ewé kì í jí mọ́, ewé tí ó ń yọ báyìí ni kí ẹ máa fi díwọ̀n. Èyí tí ó bá ti gbẹ ju ìdajì lọ, ẹ rẹ́ ẹ kúrò kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá nídìí igi; èyí tí ó ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó ṣì ń bá èso ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá padà sí ajílẹ̀ olómi yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa wo ewé kẹta láti ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bomi.